WhatsApp màmá mi táwọn oníjìbìtì gbà ti padà o
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé a tún fi nọ́ńbà màmá mi forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù wọn, bá a ṣe tẹ kóòdù oní-nọ́ńbà 6 tó wọlé báyìí ló lé àwọn oníjìbìtì yẹn jáde, àmọ́ wọ́n ti fi PIN tiwọn (nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp máa ń béèrè lẹ́yìn kóòdù yẹn) sí i, àfi ká dúró fún ọjọ́ 7 ká tó lè wọlé, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀, ẹ má sanwó fẹ́nì kankan tó bá lóun á bá yín ṣí i kíá. Pé ká yọ app ká tún un gbé sórí fóònù nìkan ò yanjú ẹ̀. A ti fi PIN àti ímeèlì tiwa sí i báyìí. Ó ku owó tí ọ̀rẹ́ màmá mi fi ránṣẹ́ sáwọn olè yẹn, báǹkì ṣì ń wádìí ẹ̀.