Amẹ́ríkà na Samoa 60-0, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọsirélíà tí wọ́n nà ló wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo?

Àṣàkẹ́ Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́ (Sọ́ńdè 7 oṣù kẹsàn-án 2025, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sábà máa ń sọ níbí ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rọ́gíbì àwọn obìnrin ni mo gbé wá, ìdíje àgbáyé tó ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 22 oṣù tó kọjá. Orílẹ̀-èdè 16 ni, gúrúùpù mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin, méjì ló ń jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kó mi sínú ẹ̀. Fídíò Ilona Maher ti Amẹ́ríkà ló máa ń wò ṣáá, ọmọbìnrin gìrìwò yẹn tó máa ń kun ètè pupa wọ pápá, báyìí báyìí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, a ó gbé fóònù fẹ̀yìn ti máṣíìnì, a óò máa ránṣọ a óò máa wò, àwọn kọ́sítọ́mà tó wá gba aṣọ náà á dúró wò díẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Lánàá Sátidé Amẹ́ríkà na Samoa 60-0 nílùú York. Ọmọ yìí fò sókè, ó gbá mi mọ́ra, ó ní Àǹtí a ti wọlé. Gẹ̀ẹ́sì náà wá na Ọsirélíà 47-7 ní Brighton, mo ní ó parí, ẹni tí wọ́n nà ló ń lọ sílé. Àfi ìgbà tí mo ṣí tébù tí mo rí Gẹ̀ẹ́sì kìíní, Ọsirélíà kejì, Amẹ́ríkà kẹta! Póìntì 8 làwọn méjèèjì ní. Nígbà tí wọ́n sì pàdé ara wọn ní 30 oṣù kẹjọ, 31-31, ọ̀mì ni wọ́n ta. Kí wá ni wọ́n fi yan ọ̀kan? Lónìí náà ni Faransé na Sáúùtù Áfíríkà 57-10, àwọn ìyẹn náà wọlé. Ọmọ yìí ò tíì jẹun alẹ́ o. Ẹ má sọ fún mi pé òfin ni, ẹ sọ bí òfin náà ṣe rí fún mi kí n lè là á yé e.

Àkàndé Under G (9:31 alẹ́)

Àǹtí Àṣàkẹ́ ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní LAUTECH ni mo ti ń tẹ̀ lé rọ́gíbì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí póìntì torí ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tiwa. Tẹ́ ẹ bá na èèyàn, póìntì 4 lẹ máa gbà kì í ṣe 3. Ọ̀mì, póìntì 2. Wọ́n nà yín, òfo. Ṣùgbọ́n ènì wà ńbẹ̀, bí ìyá tó ń ta gàrí ṣe máa ń bu díẹ̀ lé e tó bá ti wọ̀n ọ́n tán. Ẹgbẹ́ tó bá gbé bọ́ọ̀lù fi kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (tráì nìyẹn, ọ̀kan jẹ́ àmì 5), wọ́n á fún un ní póìntì kan ènì, ì báà borí ì báà má borí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá sì nà tó jẹ́ pé àmì tí wọ́n fi nà án ò ju 7 lọ, òun náà ń gba ènì kan.

Ó yá ẹ ká a. Ọsirélíà na Samoa 73-0, 4 pẹ̀lú ènì kan, 5. Ọ̀mì tòun ti Amẹ́ríkà, 2 pẹ̀lú ènì kan torí àwọn méjèèjì ló gbé tráì tó pé, 3. Gẹ̀ẹ́sì ò fún wọn ní nǹkan kan. 8 nìyẹn. Amẹ́ríkà gba òfo lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, 3 níbi ọ̀mì, 5 lára Samoa. 8 náà nìyẹn.

Tí póìntì bá wá dọ́gba, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ta ló na ẹnìkejì lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ìyẹn ò lè dá ẹjọ́. Ló bá kan èrè àti gbèsè: wọ́n á ka gbogbo àmì tí ẹgbẹ́ kan gbà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á yọ gbogbo èyí tí wọ́n gbà lára òun náà kúrò. Ọsirélíà jèrè 73 lára Samoa, Gẹ̀ẹ́sì gba 40 padà níbẹ̀, èrè 33 ló kù. Amẹ́ríkà jẹ gbèsè 62 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an tí Gẹ̀ẹ́sì fi 69-7 nà wọ́n ní Sunderland, lójú èèyàn 42,723, wọ́n wá fi 60 ti Samoa san án, ó ku gbèsè 2.

Ṣé ẹ rí i pé ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló pa wọ́n? Kí Ọsirélíà tó lè já lánàá, àfi kí Gẹ̀ẹ́sì fi àmì tó ju 75 lọ nà wọ́n. Ibi tó ń dun èmi jù ni ọ̀mì tí wọ́n ta ní York. Ká ní Amẹ́ríkà rí àmì 2 péré sí i lọ́jọ́ ọ̀mì yẹn, ẹyọ bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n máa ń ta gba àárín òpó méjèèjì kọjá lẹ́yìn tráì, 33-31 ni ì bá jẹ́, póìntì 10 ni wọn ì bá ní, Ọsirélíà 7. Kò ní sí pé à ń ka gbèsè rárá.

Ti Sáúùtù Áfíríkà rọrùn. Wọ́n ti na Bràsíl 66-6, wọ́n na Ítálì 29-24, wọ́n ti wọlé kí wọ́n tó bá Faransé pàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa dé kọ́tà fáínà láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ sí ìdíje yìí o.

Ọmọ Ajílété (9:58 alẹ́)

Bọ̀ọ̀dá Àkàndé ẹ là á dáadáa ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ó tọ́. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá lu Samoa jù ló máa wọlé. Samoa di àpò ìyà láàárín wọn, 73-0, 92-3, 60-0, àmì 225 lára ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ sì gba 3 péré. Orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n ń mú tẹ́lẹ̀, ọdún yìí ni wọ́n sọ ọ́ di 16, àwọn tó wá kún un ni wọ́n ń nà ní ìnà kúnà yìí. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tí ò tíì dàgbà lọ máa bá ẹgbẹ́ wọn ta. Àánú ń ṣe mí ni, èmi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àkàndé Under G (10:20 alẹ́)

Ọmọ Ajílété, mo gbọ́ ọ, àánú yẹn dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ 92-3 yẹn tí Gẹ̀ẹ́sì na Samoa ní Northampton. Wọ́n fún Samoa ní pẹ̀nárítì, wọn ò sá tẹ̀lé tráì, wọ́n ní àwọn máa ta á gba àárín òpó. Ó wọlé. Àmì 3. Ariwo tó sọ ní pápá yẹn, wà á rò pé wọ́n gba ife ni, àwọn ọmọ Samoa ń dì mọ́ra wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó wòran náà dìde ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò sí àmì míì tí wọ́n gbà ní gbogbo ìdíje yìí, ìyẹn nìkan ni. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Wò ó, ní 2022 nígbà tí wọ́n ta á ní New Zealand, Sáúùtù Áfíríkà yìí kan náà, Faransé nà wọ́n 40-5, Fiji nà wọ́n 21-17, Gẹ̀ẹ́sì wá kàn wọ́n mọ́lẹ̀ 75-0. Ká ní ìgbà yẹn la sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ wọn ta ńkọ́? Ọdún mẹ́ta péré sí i, àwọn ló wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù yìí. Àwọn nìkan ló sì ṣojú gbogbo Áfíríkà o, ìdíje Áfíríkà tí wọ́n gbà ní Madagascar lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gbà wọlé. Bràsíl náà, wọ́n ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó máa dé ìdíje yìí, Faransé fi 84-5 nà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n 5 yẹn, tráì ni. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́.

Màmá Ìbejì Ọ̀yọ́ (10:41 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò mọ póìntì kankan, ìbéèrè kan lèmi ní. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ báyìí, ṣé wọn ò ní ṣe ara wọn léṣe? Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS2, ó ní òun fẹ́ ṣe é níléèwé, àyà mi já. Ẹnì kan ní àdúgbò wa fi orí ṣubú níbi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lásán, kò mọ orúkọ ìyá ẹ̀ fún odidi wákàtí kan. Ẹ má wò ó pé mo ń bu omi tútù sí ọ̀rọ̀ yín o, ìyá ni mí.

Tísà Eré Ìdárayá (11:05 alẹ́)

Màmá Ìbejì ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọ̀yọ́ níbí lèmi náà wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ẹ̀rù yín tọ́, mi ò ní sọ pé kò sí ewu ńbẹ̀ torí irọ́ nìyẹn máa jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú èèyàn lọ́rùn tàbí lórí. Tọ́wọ́ bá ti kọjá èjìká, rẹfirí á fun fèrè, tó bá le jù káàdì ni. Ní ìdíje tọdún yìí wọ́n tún fi nǹkan kan kún un tó wù mí gidi. Ohun tí wọ́n máa ń kì bọ ẹnu láti fi bo eyín, wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré sínú ẹ̀ tó ń wọn bí ohun tó gbá èèyàn lórí ṣe le tó, tó bá ti le ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí wọ́n kì bọ ẹnu yẹn á máa tan iná pupa, rẹfirí á rí i, dókítà á rí i, ọmọ náà á jáde lọ fún àyẹ̀wò ó fẹ́ ó kọ̀. Ìdí sì ni pé ẹni tí orí ẹ̀ gbá nǹkan kì í fẹ́ jẹ́wọ́, á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Ní tèmi, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ara wọn balẹ̀ rárá. Aṣọ pélébé kan la máa ń fi há ìbàdí, ẹni tó bá fà á yọ ti mú ẹ nìyẹn. Àwọn àgbà díẹ̀ nínú wọn ni mo ń kọ́ lórí yanrìn, lórí ìkúnlẹ̀ la sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan wà ńbẹ̀, tínínrín báyìí, bẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa ní atẹ́gùn á gbé e. Ẹ̀rù bà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń dijú. Mo ní kó má dijú, kó wo ìbàdí ẹni tó ń bọ̀ kó má wo ojú ẹ̀, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìtàn ẹ̀, kí orí wà lẹ́yìn kó má sí níwájú, kó fi apá méjèèjì dè é lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń di ìdì igi. Lọ́jọ́ tó ṣe é, ọmọ tó fi ìlọ́po kan ààbọ̀ tóbi jù ú lọ jókòó pẹ̀lẹ́ sórí yanrìn, òun náà dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lórí, ó ní tísà ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àwa tá a mọ gídígbò mọ̀ pé kì í ṣe agbára, ibi téèyàn bá dì mú ni.

Ẹ lọ bi tísà ọmọ yín léèrè méjì: ṣé ó máa kọ́kọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú, àti ta ló máa wà níbẹ̀ tí ẹnì kan bá ṣèṣe. Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Màmá Ìbejì Ọ̀yọ́ (11:12 alẹ́)

Tísà ẹ ṣeun gan-an ni. Màá dé iléèwé yẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè fúnra mi.

Àṣàkẹ́ Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́ (Mọ́ńdè 8 oṣù kẹsàn-án, 1:17 ọ̀sán)

Ẹ káàsán o, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Láàárọ̀ yìí tá a dé sọ́ọ̀bù mo fún ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀kì tá a fi ń sàmì sí aṣọ, mo ní kó kọ ọ́ sórí tábìlì tá a ti ń gé aṣọ. Ó kọ Ọsirélíà sápá kan, 73, òfo, ó yọ 40. Ó kọ Amẹ́ríkà sápá kejì, ó yọ 62, òfo, ó fi 60 kún un. Nígbà tó kọ 2 tó sì fa ìlà gbèsè síwájú ẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní "Àǹtí, nígbà tí wọ́n ń na wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, a pa fóònù nígbà tó di nǹkan bí 40, a ní ó ti bàjẹ́ náà ni. Àṣé wọ́n ṣì ń kà á."

Mi ò rí nǹkan sọ. Òótọ́ ni, èmi ni mo ní kó pa á, mo ní kí la fẹ́ máa wo ìyà sí.

Ọmọ Ajílété, mo fi fídíò pẹ̀nárítì Samoa tí Bọ̀ọ̀dá Àkàndé sọ hàn án, òun náà pàtẹ́wọ́ nínú sọ́ọ̀bù, ìyá kan tó wá gba bùbá ń bi wá pé ta ló bímọ.

Ó wá ní òun ti gba Sáúùtù Áfíríkà báyìí. New Zealand ni wọ́n máa bá pàdé ní Sátidé yìí ní Exeter, Bọ̀ọ̀dá Àkàndé ẹ má sọ fún mi bó ṣe máa rí, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹfà làwọn yẹn ti gba ife yìí. Mo ti ní kó parí aṣọ ẹbí tó wà nílẹ̀ kó tó di Fúráìdè, mo ti ra dátà sílẹ̀, a ò sì ní pa fóònù lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ Ajílété (1:40 ọ̀sán)

Àǹtí, níbo ní Tákié ni sọ́ọ̀bù yín wà? Mo ní bátìrì ńlá kan tí a lè fi gbé fóònù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àṣàkẹ́ Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́ (1:44 ọ̀sán)

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀. Máa gbé e bọ̀ jàre, ìjókòó wà.