Ilé ìtọ́jú Kristẹni ní kí àbúrò mi pa oògùn dókítà tì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó pẹ́ tí heroin ti di bárakú fún àbúrò mi ọkùnrin. Dókítà fún un ní buprenorphine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí heroin ti di bárakú fún, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀: ó ń sùn, ó ń jẹun, kì í jí nǹkan tà mọ́. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wọ ilé ìtọ́jú Kristẹni, irú Teen Challenge tí Pásítọ̀ David Wilkerson bẹ̀rẹ̀ ní New York lọ́dún 1958. Inú mi dùn gan-an.

Àmọ́ alábòójútó ilé tó fẹ́ wọ̀ ní kò gbọdọ̀ mú oògùn kankan wá, pé ẹni tí Jésù bá dá nídè kì í tún lo oògùn. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn, ṣùgbọ́n Lúùkù pàápàá, oníṣègùn ni. Ohun tó ń já mi láyà ni pé bí ẹni tó ti dáwọ́ dúró bá tún padà sídìí heroin, ara rẹ̀ kò ní lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kú.

Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń dá ilé ìtọ́jú Kristẹni tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ̀? Kí ni kí n bi wọ́n kó tó wọlé? Àbí kó máa ti ilé lọ sí ìpàdé bíi Celebrate Recovery, níbi tí àwọn Kristẹni ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú bárakú, kó sì máa lo oògùn rẹ̀ lọ? Ẹ má wulẹ̀ bá mi bú alábòójútó o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á.