Fàájì ìdílé sójà: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ọmọ Sájẹ́ńtì, Òjóò

Ẹ̀yin ará wa, n óò kọ́kọ́ sọ tèmi. Bárékè Odogbo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ rí mọ ohun tí WASA, ayẹyẹ ọdọọdún àwọn sójà, jẹ́ fún ọmọ sójà: ó ju Kérésì lọ. Láti ayé àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, a sì jogún rẹ̀. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwọn sójà á máa fi ijó dánra wò, Haúsá, Ìgbò, Tiv, Yorùbá, kálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á jó, wọ́n á fa okùn; tó bá dalẹ́, ọ̀gá á ti iná bọ igi tí wọ́n tò jọ sí pápá, kí aburú ọdún náà lè bá iná lọ.

Okùn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn ECOMOG, àwọn sójà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ láti pẹ̀tù sógun, tó lọ Làìbéríà. Nígbà tí bàbá mi padà dé, wọn ò fẹ́ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìdérí ìkòkò bá já lulẹ̀, wọ́n á ti fò dìde. WASA ọdún yẹn, wọ́n ní àwọn ò ní fa okùn kankan. Màmá mi ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú lọ sí pápá. Mo dúró létí ìlà ẹfun. Mo rí gìgísẹ̀ bàbá mi bó ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, iṣan ọrùn wọn ta bíi gbòǹgbò, gbogbo pápá ń hó yèè. Wọ́n fà á borí. Bàbá mi ṣubú sẹ́yìn lé ẹni tó tẹ̀ lé wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé eyín wọn kan ti yọ. Lálẹ́, màmá mi fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ wọn tí okùn ti bó, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí mo fi sùn lọ. Ẹni tó bá sọ pé owó ni wọ́n ń fi ṣòfò lórí WASA, kó wá bi mí.

Ìyá Sójà, Bódìjà

Sójà Amẹ́ríkà lọmọ tèmi. Mo lọ kí i ní 2023, ó gbé wa lọ wo Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà nínú ọgbà ìjọba ní Arizona. Dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan ní géètì, mo ti ń ṣírò rẹ̀ sí náírà nínú ọkàn mi. Ọmọ mi na káàdì kan jáde, obìnrin géètì wò ó, ó ní kí gbogbo wa máa wọlé, kò gba kọ́bọ̀. Láti 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fún sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní káàdì náà, tí wọ́n fi ń wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún kan ló ń lò, ìyàwó àtọmọ náà lè gba tiwọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kún un, àti ìdílé àwọn tó bógun lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú omi bọ́ lójú mi. Mo rántí àwọn opó sójà tí mo mọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ta ló ń mú àwọn ọmọ wọn jáde lọ wo ohunkóhun? Ọgbà Agodi tó wà nítòsí wa yìí, ì bá mà dáa o, ká ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè mú wọn wọbẹ̀.

Ìyàwó Sójà

Ẹ kú ìrántí, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ mi wà ní Borno, ọdún kejì rèé. WASA tó kọjá ní bárékè wa, ẹni tó ń pín oúnjẹ ní kí ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá gbà á. Mo ní kò sí nílé. Ó ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn mí wọra, torí àwa tí ọkọ wa ò sí nílé gan-an ni ọjọ́ náà tọ́ sí jù. Sájẹ́ńtì kan tí ilé wa kọjú síra ló fún wa ní tirẹ̀, ó sì gbé ọmọ mi lé èjìká kó lè rí iná. Ọmọ ní kí n ya fọ́tò iná náà ránṣẹ́ sí bàbá òun. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbi tí ọkọ mi wà, ọjọ́ kẹta ló tó rí i. Ó pè, ó ní kí ọmọ sọ bí iná náà ṣe ga tó fún òun. Ọmọ ní ó ga ju ilé ọ̀gá lọ.