Ṣé kí n tún àdírẹ́sì gbogbo ìtàn wa kọ lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Èmi ni mò ń bójú tó ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan tí a fi ń gbé ìtàn Yorùbá jáde. Àwa mẹ́ta la ti fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀, kálukú sì ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ti ààyè ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí kò dọ́gba kò dùn mí, nítorí Prettier, irinṣẹ́ tó ń to kóòdù, yóò tún un ṣe.

Àmì ohùn ló ń dà mí láàmú. Nínú Unicode, ètò tó ń fún àwọn lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, “ọ̀” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀: ẹnì kan lè kọ ọ́ ní ègé méjì, U+1ECD àti U+0300, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ ní ègé mẹ́ta. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Mo wá “ọ̀pẹ̀lẹ̀” lórí ojúlé wa, kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà gàdàgbà nínú àkọlé tí mo ń wò.

Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, àmọ́ àwọn àmì yìí wà nínú àdírẹ́sì tí àwọn òǹkàwé ti fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ṣé kí n yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì fi 301 (àmì tó ń sọ pé ojú ewé ti kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn pátápátá) darí ti àtijọ́ sí tuntun, àbí kí n yọ àmì kúrò nínú àdírẹ́sì pátápátá, kí “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀” wá di “oko”? Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ṣe nígbà tó kàn yín?