Télọ̀ ni mí, mo fẹ́ máa rán ìgbòkun ọkọ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Télọ̀Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ránṣọ, ṣòkòtò, kóòtù, búláòsì, kò sí èyí tí mi ò rán rí, àmọ́ látìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ti mú mi wọ ọkọ̀ onígbòkun ni nǹkan ọ̀hún ò ti kúrò lọ́kàn mi mọ́. Òkun gan-an kọ́ ló wù mí o (èébì ni mo bì títí a fi gúnlẹ̀), aṣọ orí òpó yẹn ni mò ń wò, bó ṣe yọ ikùn tó sì fà pinpin bí awọ ìlù. Ṣebí abẹ́rẹ́ àti òwú náà ni? Ṣé dandan ni kí n lọ ilé ìwé fún un ni? Maṣíìnì tí mo ní nílé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

BàbáOlókùn:
Àbúrò, káàbọ̀. Ọdún 22 rèé tí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni mo pè é, torí ìgbòkun tóbi ju tábìlì lọ, ilẹ̀ pátákó la máa ń tẹ́ ẹ sí. Maṣíìnì gan-an, níbi púpọ̀, inú kòtò ni wọ́n ń rì í mọ́ kí ojú ẹ̀ lè bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹni tó ń rán an á jókòó sínú kòtò yẹn, aṣọ á máa yọ̀ gẹ́rẹ́ lọ lórí pátákó. Wá ohun tí wàá fi bo orúnkún, mi ò ṣàwàdà.

Ohun tó máa kọ́kọ́ dà ẹ́ láàmú rèé. Tó o bá ń ránṣọ, ara èèyàn wà níbẹ̀ tó o lè fi téèpù wọ̀n. Ìgbòkun ò ní ara, atẹ́gùn lara ẹ̀. Ikùn tó o rí yẹn, àwa la fi síbẹ̀. Tó o bá gé gbogbo abala ẹ̀ gbọọrọ tó o rán wọn pọ̀, pẹlẹbẹ ló máa wà bí ẹní. Etí abala la máa ń gé kó tẹ̀ díẹ̀, nígbà míì kò tó ìbú ìka kan, tá a bá wá rán etí tó tẹ̀ yẹn mọ́ èyí tó gún, aṣọ á yọ ikùn fúnra ẹ̀. Dáàtì inú búláòsì náà ni, ibi tá a ti ń ká aṣọ rán kó lè yọ, o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Kọ̀ǹpútà ló ń ya ìlà yẹn báyìí, àmọ́ ẹni tí ò bá mọ ìdí tó fi tẹ̀, kò lè mọ ohun tó bà á jẹ́.

ÌyáMaṣíìnì:
Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ àtúnṣe lẹnu ọ̀nà o. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìgbòkun tuntun lé ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Lọ bá wọn nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe bá kún ilẹ̀, ìyẹn ìgbà òtútù tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ sókè. Mi ò lọ ilé ìwé kankan fún un, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi, òwú àtijọ́ ni mò ń tú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òwú ló ń kú ṣáájú aṣọ. Dacron, ìyẹn aṣọ polyester tá a fi ń rán ìgbòkun, le, òwú ò lè rì sínú ẹ̀, orí ẹ̀ ló máa ń wà, oòrùn á máa jẹ ẹ́, okùn á máa ha á. Fi èékánná ha ojú rírán, tó bá ń já pẹ́pẹ́, ìlà yẹn ti lọ nìyẹn.

Maṣíìnì ilé ẹ lè rán náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti spinnaker (ìgbòkun ńlá iwájú ọkọ̀ tó máa ń wú bí bàlúù), àmọ́ tó bá dé igun tí aṣọ ti di ìpele mẹ́jọ, á kú sí ẹ lọ́wọ́. Zigzag, rírán wọ́gọwọ̀gọ, la ń rán jù, torí ó máa ń fún òwú láyè tí atẹ́gùn bá fa aṣọ. Píìnì ńkọ́? Gbàgbé ẹ̀, ihò tó bá dá sílẹ̀ kì í dí. Téèpù olójú méjì la fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ká tó rán an.

ỌmọỌkọ̀:
Ẹ̀yin méjèèjì ò tiẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn òrùka igun ìgbòkun tí okùn ń gbà kọjá ńkọ́? Awọ kan wà tá à ń wọ̀ sọ́wọ́, irin wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tá a fi ń ti ìdí abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà sì ní igun mẹ́ta lẹ́nu, òwú ẹ̀ a fi ìda pa á. Òrùka àkọ́kọ́ tí mo rán, ọ̀gá mi fi ìka kan mì í, ó mì, ó mú ọ̀bẹ ó gé gbogbo ẹ̀ dànù, kò sọ̀rọ̀. Mo bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Télọ̀Tuntun, fi ọwọ́ rán àpò kékeré kan, fi ihò olókùn yí ẹnu ẹ̀ ká, gbé e dání tó o bá ń lọ wá iṣẹ́. Àpò yẹn làwọn ọmọṣẹ́ fi ń kọ́wọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, ọ̀gá tó bá rí i á yẹ inú ẹ̀ wò.

Télọ̀Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ti fún mi ní ògbólógbòó ìgbòkun kan, mo fi èékánná ha á bí ìyá ṣe wí, ìlà mẹ́ta ló já lẹ́sẹ̀ kan náà, inú mi dùn bí òmùgọ̀. Abẹ́rẹ́ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

BàbáOlókùn:
Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Fọ iyọ̀ kúrò lára ẹ̀ ná.