Kobe: àdúgbò wo lẹ wọ̀ sí, kí lẹ sì jẹ níbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ìwó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Kobe ní Japan lábẹ́ ètò ABE, ètò ìjọba Japan tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà síléèwé, fẹ́ gboyè, èmi àti màmá wa sì ń lọ bá a yọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, Mùsùlùmí tòótọ́ sì ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ibo la lè wọ̀ sí, kí la ó sì máa jẹ? Ohun tí ojú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́ o, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Jìmọ́ Ọ̀fà
Sannomiya. Ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíràn.

Ìyá Ìbejì
Jìmọ́ sọ òótọ́, kò kàn sọ ìdí ni. Sannomiya ni gbogbo ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé: ti JR, ti Hankyu, ti Hanshin, ti abẹ́ ilẹ̀, àti Port Liner tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Kobe. Tí ẹ bá wọ JR tó ń yára láti Osaka, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Òtẹ́ẹ̀lì àwọn oníṣòwò lèmi àti bàbá àwọn ìbejì wọ̀ sí níbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀hún há! Ẹ ò lè ṣí àpótí ẹrù méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ tún rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ gba yàrá oníbùsùn méjì, nítorí ibùsùn kan tí wọ́n ní ó gba ẹni méjì yẹn ò gba ẹni méjì tó fẹ́ sùn ire. Ẹ sì má tìtorí pé Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù, ń dúró ní Shin-Kobe kí ẹ lọ wọ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè ni, tálẹ́ bá lẹ́, kò sí oúnjẹ púpọ̀ nítòsí. Ibùdókọ̀ kan péré ni sí Sannomiya lábẹ́ ilẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí oúnjẹ màmá. Mọ́ṣáláṣí Kobe ò jìnnà sí Sannomiya. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí i, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Japan. Bọ́ǹbù ọdún 1945 ò wó o, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1995 náà ò wó o. Àwọn ará Íńdíà àti Pakistan ń ta oúnjẹ yí i ká, ẹran halal wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kírun Jímọ̀ níbẹ̀, mo bá yà jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran lọ́dọ̀ bàbá ará Pakistan kan. Mo ní kí wọ́n fi ata kún un. Wọ́n wò mí, wọ́n bu díẹ̀ sí i. Mo ní ó kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ìgò ata fún mi pátápátá. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Japan, ọjọ́ yẹn ni imú mi kọ́kọ́ tú.

Jìmọ́ Ọ̀fà
Alhamdulilahi fún bàbá yẹn.

Kúnlé Atukọ̀
Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ Kobe, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹran màlúù! Ìgbà tí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sán ni mo lọ jẹ ẹ́, torí owó alẹ́ ju ti ọ̀sán lọ fíìfíì. Ọkùnrin tó ń dáná dúró sí ẹ̀yìn irin gbígbóná níwájú mi, ó kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí màlúù náà hàn mí, nọ́ńbà oní-dígíìtì mẹ́wàá wà lára rẹ̀. Ìran màlúù Tajima ni, ní Hyogo, ìpínlẹ̀ tí Kobe wà, ni wọ́n ti ń sìn ín. Iyọ̀ àti ata dúdú nìkan ló fi sí i. Ó ti yọ́ kí n tó jẹ ẹ́ délẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rá ló yọ́, Kúnlé. Ẹran tí eyín ò rí iṣẹ́ ṣe lára rẹ̀, ẹran kọ́ nìyẹn. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nítorí ègé bíi mélòó kan, ó ṣì ń dùn mí. Àdúgbò Nagata ni mo ti jẹun yó: sobameshi, ìrẹsì tí wọ́n gé núdù mọ́, tí wọ́n jọ dín, wọ́n wá da iṣan màlúù tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ràn bọ̀kọ̀tọ̀ á kí mi.

Kúnlé Atukọ̀
Ẹ fẹ́ fi iṣan wé Tajima? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ á.

Ọmọ Ìlọrin
Tajima ni o, iṣan ni o, ta ló pa á? Ìyẹn ni kí màmá béèrè. Àwọn ilé oúnjẹ kan ní ẹran Kobe tó jẹ́ halal, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó. Ẹ tún ṣọ́ ọbẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ọtí ìrẹsì sè é. Àwọn búrẹ́dì funfun tí èrò ń tò fún ní Nankinmachi, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú wọn.

Wàsíù Nagata
Mò ń gbé ní Nagata tí Ìyá Ìbejì ń sọ, orí mi wú. Iná jó àdúgbò yìí lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1995. Èèyàn 6,434 ló kú lápapọ̀ nínú ìmìtìtì náà, kì í ṣe ní Nagata nìkan. Ìyá tí mo ti ń jẹ sobameshi sọ fún mi pé irin ìdáná nìkan ni àwọn rí hú nínú eérú, òun náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ mú màmá dé Meriken Park létí omi. Wọ́n fi apá kan èbúté tó wó sílẹ̀ bó ṣe rí, àwọn òpó iná ibẹ̀ ṣì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní ni orúnkún lára. Ẹ tètè gba yàrá o, ìgbà òdòdó sakura ni ìparí oṣù kẹta, owó á ti gòkè.

Jìmọ́ Ọ̀fà
Ṣé kì í ṣe Kobe yìí ni Sweden ti nà wá nínú bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé 2002? Aghahowa ti fi orí kàn án wọlé, ó ti tàkìtì, ká tó mọ̀, Larsson ti jẹ méjì.

Kúnlé Atukọ̀
Ìkejì yẹn, pẹ́nárítì ni. Kò sì yẹ kó jẹ́ pẹ́nárítì.

Jìmọ́ Ọ̀fà
Ó yẹ o! Ẹ lọ wò ó dáadáa.

Wàsíù Nagata
Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn kọjá. Vissel Kobe ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kúrò ńbí, ẹ jọ̀ọ́. Àbẹ̀kẹ́, nítorí orúnkún màmá, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Sannomiya lọ sí Arima. Omi gbígbóná inú ilẹ̀ ni, irin inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa.

Àbẹ̀kẹ́ Ìwó
Ẹ ṣé gan-an. Màmá kọ pélé, mo sì gbọ́ pé wọn kì í gba ẹni tó fín ara láyè nílé ìwẹ̀.

Kúnlé Atukọ̀
Wọ́n lè dá wọn padà o.

Ọmọ Ìlọrin
Pélé kì í ṣe fífín. Ilà ìdílé ni, kò sí tàdáwà níbẹ̀. Kí ló dé tí ìyá arúgbó á fi máa ṣàlàyé ojú ara wọn?

Kúnlé Atukọ̀
Mi ò bá yín jiyàn, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ bá sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Ìhòhò ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò rò pé màmá á gbà. Níta ilé ìwẹ̀ Kin no Yu, wọ́n ṣe kòtò omi tí èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ká ìró sókè díẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa wo ojú wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìwó
Ìyá Ìbejì, ẹ ò ní ṣìnà. Mo kà á fún màmá, wọ́n ní Arima ni àwọn á kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó rí ọmọ tó gboyè. Ìtòsí mọ́ṣáláṣí la ó wọ̀ sí. Wàsíù, ìyá onísobameshi yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí? Èmi fúnra mi fẹ́ dé ibẹ̀.

Wàsíù Nagata
Aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di méjì ọ̀sán, wọ́n á tún ṣí ní márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í tà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Àga ibẹ̀ ò pọ̀, ẹ tètè wá.