Sátífíkéètì ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi, kì í ṣe dípúlómà: ṣé yunifásítì ti bọ́ nìyẹn?

MÀMÁ BOWIE
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin á pé ọmọ ọdún 18 lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní Down syndrome, ìpèníjà òye tí wọ́n bí i mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tá a kó dé láti Ìbàdàn. Ó ń kàwé, bí ò tilẹ̀ yá; ó ń dá wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tó bá mọ̀; òun ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Níbi ìpàdé IEP tó kọjá (IEP ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé ń ṣe fún ọmọ àkàndá kọ̀ọ̀kan), wọ́n ní sátífíkéètì ìparí ẹ̀kọ́ ni àwọn máa fún un, pé kò ní gba dípúlómà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí girama gidi. Bàbá rẹ̀ ní ká gbà bẹ́ẹ̀, kó máa bọ̀ wá jókòó tì wá nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní yunifásítì ní College Park, ní Maryland wa níbí. Gbogbo ìgbà tá a bá gbé oúnjẹ lọ fún un ni àbúrò ń bi mí pé, "Mummy, ìgbà wo ló máa kàn mí?" Mi ò mọ èsì tí mo máa fún un mọ́. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

ÀǸTÍ FAIRFAX
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó lè kàn án. College Park tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an ní ètò fún irú wọn, TerpsEXCEED lorúkọ rẹ̀, 2021 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Virginia, yunifásítì George Mason ti ní Mason LIFE láti 2002. Yunifásítì Vanderbilt ní tiẹ̀, Clemson ní tiẹ̀, Syracuse náà ní. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ Think College, UMass Boston ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ètò tó lé ní 300 ló wà níbẹ̀, ẹ lè fi ìpínlẹ̀ ṣà wọ́n.

Ọmọbìnrin mi parí ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, torí èmi náà rò pé wọ́n á kàn kó wọn sí yàrá kan lẹ́yìn ọgbà ni. Rárá o. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2008 là á sílẹ̀ pé, kí ètò kan tó lè jẹ́ kí ọmọ rí owó ìjọba gbà, ó kéré tán ìdajì ẹ̀kọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín àwọn tí kì í ṣe àkàndá. Tèmi jókòó ní kíláàsì ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń ka digiri. Kò ṣe ìdánwò wọn. Wọ́n gé iṣẹ́ náà sí ìwọ̀n tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bá a lọ sí kíláàsì, òmíràn ń bá a jẹun ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọṣọ, bí wọ́n ṣe ń náwó tí kò ní tán kó tó di ọjọ́ Ẹtì (èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti gba digiri ò tíì mọ̀). Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀, kò pè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi.

BÀBÁ CHICAGO
Ẹ má bínú o, àbúrò. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, digiri ni wọ́n fún un?

ÀǸTÍ FAIRFAX
Rárá, sà. Sátífíkéètì ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ báyìí nílé ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké, ibi tó ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà nínú ètò náà ló gbà á. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń gbà. Ibi kan kọ̀ ọ́ kí ibòmíràn tó gbà á. Wọ́n á wò ó bóyá ó lè wà fún wákàtí díẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bóyá ó lè lo fóònù, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wá àbí ìyá rẹ̀.

BỌ̀DÁ HOUSTON
Ẹ̀gbọ́n Bowie, ẹ dúró ná. Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ yunifásítì, ẹ má jẹ́ kó kúrò nílé ìwé tó wà yẹn. Sátífíkéètì kò gba ẹ̀tọ́ ilé ìwé ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dípúlómà gidi ló ń gbà á. Ní Maryland, ọmọ lè wà níbẹ̀ títí di ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó bá pé 21. Michigan ń gbé e dé 26.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Tèmi ní autism. Wọ́n fún un ní dípúlómà ní 18, a sì dúpẹ́. A rán aṣọ ẹbí. Ìyá rẹ̀ se jọ̀lọ́ọ̀fù fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Oṣù kẹjọ dé, bọ́ọ̀sì ilé ìwé kò yà mọ́. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ kò wá mọ́. Mo pe ọ́fíìsì ilé ìwé, wọ́n ní ó ti jáde. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wa, lẹ́tà náà wà nínú àpótí ìwé tí mi ò ṣí. Ọdún mẹ́ta ọ̀fẹ́ ni mo fi jọ̀lọ́ọ̀fù ṣe pàṣípààrọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Láàárín 18 sí 21 yẹn, káúńtì tó ń bójú tó ilé ìwé lè máa sanwó kí ọmọ ti máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Massachusetts ti ń ṣe é láti 2007. Ẹ béèrè níbi ìpàdé, tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú IEP. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í débì kan.

MÀMÁ ÌBEJÌ ATLANTA
Owó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, èmi ń gbọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là nínú rẹ̀.

BÀBÁ CHICAGO
Ẹ jẹ́ n dá sí ìyẹn, iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe. Ẹ wá ètò tí ìjọba àpapọ̀ ti fún ní orúkọ CTP, ìyẹn ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn tó ní ìpèníjà òye tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ọmọ bá wà nínú irú rẹ̀, kò nílò dípúlómà kó tó kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba, ó sì lè gba Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí ẹnì kankan ò ní dá padà. Iye tó ga jù fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 jẹ́ 7,395 dọ́là. Ó lè ṣiṣẹ́ gbowó nínú ọgbà lábẹ́ ètò Work-Study náà. Ìjọba àpapọ̀ kò ní yá a lówó ṣá. Ní Maryland, ẹ kan ilẹ̀kùn DORS, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń ran àwọn àkàndá lọ́wọ́ láti ríṣẹ́, wọ́n lè bá yín dá sí i. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò tí ilé ìwé ṣe fún un dáadáa, torí ètò CTP á fẹ́ ẹ̀rí pé ìpèníjà òye ló ní.

Ìbéèrè mi sí yín rèé, ẹ̀gbọ́n: ìwé ọmọ yìí ńkọ́? Ẹ ní láti Ìbàdàn lẹ ti kó o wá.

MÀMÁ BOWIE
Green card ló ní. Bàbá rẹ̀ ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2019. Èmi ò tíì ṣe é. Tọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, a ní ká jẹ́ kó dàgbà kó wá ṣe tiẹ̀.

BÀBÁ CHICAGO
Ha! Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà láti 2019. Bí ọmọ tí kò tíì pé 18 bá ní green card, tó sì ń gbé lábẹ́ òrùlé bàbá tó búra, òfin ti sọ ọ́ di ọ̀kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láìṣe ìdánwò kankan. Ẹ lọ gba páàsìpọ́ọ̀tù fún un. Ẹ mú sátífíkéètì ìbúra bàbá, ìwé ìbí ọmọ àti green card rẹ̀ dání. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ̀ ń sún ìbúra síwájú, ẹ wo ọjọ́ ìbí ọmọ yín kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ yìí.

Tó bá ti pé 18, ẹ béèrè SSI fún un, owó oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àkàndá tí kò lówó lọ́wọ́, wọn ò ní fi owó oṣù yín ka tiẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n owó tó bá wà lórúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 2,000 dọ́là lọ. Nítorí náà owó ọjọ́ ìbí tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ máa ná mọ́ ọn lórí, ẹ má kó o sí báǹkì lórúkọ rẹ̀. Àkáǹtì ABLE, tí wọ́n ṣe fún ìfowópamọ́ àwọn àkàndá, ni kẹ́ ẹ ṣí.

ÌYÁ PECKHAM
Ní England níbí, ìwé EHC plan, tó ń sọ ìrànwọ́ tó tọ́ sí ọmọ àkàndá, lè bá ọmọ dé 25. Tèmi ń ṣe supported internship, ibi iṣẹ́ gidi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kò dà bíi tiyín pátápátá, àmọ́ kẹ́ni tó wà lápá ibí má rò pé kò sí.

ÀǸTÍ FAIRFAX
Ó ku kékeré kan. Tó bá ti pé 18, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní bá yín sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àfi tóun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sáré lọ gbàṣẹ kóòtù láti máa ṣèpinnu fún un. Ẹ má tíì sáré. Mo bi tèmi, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní ṣùgbọ́n kí n má máa pè wọ́n lójoojúmọ́.

MÀMÁ BOWIE
Ọlọ́run á bá wa tọ́ gbogbo wọn o. Mo kọ lẹ́tà sí káúńtì láàárọ̀ yìí pé a fẹ́ ìpàdé IEP tuntun, pé kò kúrò nílé ìwé o. Bàbá rẹ̀ ń wá sátífíkéètì ìbúra nínú báàgì, ó ti ń gbé mi lóhùn pé èmi ló gbé e sọnù. Mo tún pe ètò kan. Wọ́n ní ká mú un wá wo ọgbà, àmọ́ òun làwọn á bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé òun lè mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ òun dání.